Àga Bàbá Ìjọ Nínú Wágọ̀nù Màràdì

Bí o bá pàdé Bartholomew Adékọ̀yà ní Niger Street ní Kánò láàárọ̀ nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lo máa kí i. Àkọ́kọ́, o máa kí i bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kí àgbà, kò sì ní gbọ́. Lẹ́yìn náà, o máa ní, "Ọ̀gá Tíránsíìtì, ẹ kú iṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjì o!" Ìgbà yẹn ni yóò dúró, yóò fọwọ́ kan etí fìlà rélùwéè orí rẹ̀, yóò wá rẹ́rìn-ín sí ọ bí ẹni pé ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé.

Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè méjì yẹn kì í ṣe àwàdà lójú rẹ̀. Ilẹ̀ Nìjẹ̀r tó wà lókè Kánò kò ní òkun. Púpọ̀ nínú ẹrù tí wọ́n bá rà nílẹ̀ òkèèrè, Èkó ló ń gúnlẹ̀ sí. Wọn a kó o sínú wágọ̀nù, wọn a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọn a fi wáyà so ó, wọn a sì fi òjé dí ẹnu wáyà náà pa. Èdìdì òjé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Láti Èkó títí dé Kánò, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, torí pé ẹrù inú rẹ̀ kì í ṣe tiwa, ó kàn ń gba ilé wa kọjá ni; tíránsíìtì ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ojú irin ò dé Màràdì, ìlú Nìjẹ̀r tó sún mọ́ bọ́dà. Kánò ni wọ́n ti ń já èdìdì náà lójú àwọn aṣọ́bodè, kí wọ́n tó kó ẹrù sínú tírélà tí yóò gbé e sọdá bọ́dà. Ẹni tó sì ń já a ni Adékọ̀yà.

Ká sọ ọ́ kó yé wa dáadáa: ọkùnrin náà ń fi ẹ̀mú gé wáyà ni. Àmọ́ bó o bá gbọ́ bó ṣe ń ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, o máa rò pé òun gan-an ló fi okùn wọn ilẹ̀ Áfíríkà, tó ní kí Faransé dúró sápá ibí, kí Gẹ̀ẹ́sì dúró sápá ọ̀hún.

"Tí mo bá sùn gbàgbé lónìí," a máa wí, "wọn ò ní rí ṣúgà fi mu kókó ní Màràdì lọ́la."

"Wọ́n á fi oyin mu ún," ni Alice ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn lọ́jọ́ kan. Alice ń ta mílíìkì, ọṣẹ àti sàdíìnì níwájú ilé wọn, kò sì sí ìgbà kan tí ẹnu rẹ̀ sinmi àfi ìgbà tó bá ń to owó wẹ́wẹ́.

Ìjọ Aládùúrà Òkè Ìdáǹdè tiwa ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Niger Street ló wà. Bí àwọn akọrin bá gbóhùn sókè ju àwọn olórin òtẹ́ẹ̀lì lọ, a mọ̀ pé Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀. Bí ti òtẹ́ẹ̀lì bá ròkè jù, Wòlíì Ọlọ́runṣẹ́gun a ní ká kúnlẹ̀ gbàdúrà ìdákẹ́rọ́rọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984, Bàbá Ìjọ wa darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú wá kó o lọ sílé. Ipò ṣófo. Ọkùnrin méjì ló sì ń wò ó.

Ọ̀kan ni Adékọ̀yà. Ìkejì ni Alàgbà Japhet Ọláńrewájú tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní Enugu Road. Japhet ń bẹ aláìsàn wò, ó ń sin òkú, àdúrà rẹ̀ sì máa ń gùn débi pé àwọn ọmọdé a sun, a jí, a tún sun. Adékọ̀yà ní fìlà. Wòlíì gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, ó jáde wá ní òun ríran: òun rí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́nu ibodè, tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń tìlẹ̀kùn.

"Ṣọ́ọ̀bù tèmi náà nílẹ̀kùn," ni Japhet wí jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n mú Sunday kan nínú oṣù Kẹrin fún ìwúyè, wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn ìjọ wa ní Kàdúná àti Jọs pé kí wọ́n wá.

Ní ìjọ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ jẹ Bàbá Ìjọ kì í dúró, kì í sì í kúnlẹ̀. Orí àga ni yóò jókòó sí, wọn yóò da òróró sí òun àti àga lórí pa pọ̀, láti ọjọ́ náà lọ, ìdí ẹlòmíràn ò sì gbọ́dọ̀ kan àga yẹn mọ́. Àga Bàbá Ìjọ àtijọ́ ṣì lágbára. Adékọ̀yà wò ó, ó yínmú.

"Ìdí ẹlòmíràn ti gbóná síbẹ̀," ó ní. Ó ní kí wọ́n gbé e fún onígbàjámọ̀ kan ní Enugu Road, wọ́n sì gbé e. Lẹ́yìn náà ló kéde pé òun ti ní kí wọ́n máa ṣe àga lọ́wọ́ fún òun ní Èkó.

"Ṣé kò sí kápẹ́ńtà ní Kánò ni?" Alice bèèrè.

"Kápẹ́ńtà Kánò mọ bẹ́ǹṣì kàn. Àga lèmi ń wá."

Ó ṣàpèjúwe àga náà fún gbogbo ẹni tó bá dúró, àti ẹni tí ò fẹ́ dúró. Igi ìrókò ni. Àrán pupa ni wọ́n fi bo ìjókòó àti ibi ìgbápálé. Orí kìnnìún wà lápá ọ̀tún, orí kìnnìún wà lápá òsì. Ní ẹ̀yìn àga, níbi tí orí ẹni tó bá jókòó yóò gbé wà, wọ́n gbẹ́ orúkọ síbẹ̀ gàdàgbà, wọ́n fi ọ̀dà wúrà kùn ún: BÀBÁ ÌJỌ BARTHOLOMEW A. ADÉKỌ̀YÀ.

Báwo ni yóò ṣe dé Kánò? Adékọ̀yà ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó mọ ohun tójú àga aláràn-án lè rí nínú wágọ̀nù lásán láàárín Èkó sí Kánò. Kìnnìún méjèèjì lè sọ orí nù kí wọ́n tó dé Mọ́kúwá. Ṣùgbọ́n kò sí olè tó jẹ́ fọwọ́ kan wágọ̀nù elédìdì, torí ọlọ́pàá ń tẹ̀ lé e. Adékọ̀yà ti rí i tipẹ́ pé ibi tó dáàbò bo ẹrù ọmọ Nàìjíríà jù lọ ni àárín ẹrù orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó ní ọ̀rẹ́ kan nídìí ẹrù l'Ékòó, Ṣàràfá lorúkọ rẹ̀. Bí Adékọ̀yà bá fẹ́ gbé nǹkan wá, Ṣàràfá a rọra tì í mọ́ ṣúgà àwọn ará Nìjẹ̀r kí wọ́n tó dí ilẹ̀kùn. Bó bá dé Kánò, tí Adékọ̀yà já èdìdì, tirẹ̀ a kọ́kọ́ jáde láti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, a sì bọ́ sórí kúra, ìyẹn ọmọlanke, ẹrù a máa yí lọ sí Niger Street kí aṣọ́bodè tó wọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni máṣíìnì ìránṣọ Alice gbà dé. Ọ̀nà yẹn ni fíríìjì wọn gbà dé. Ọ̀nà yẹn ni àga náà yóò gbà.

Nígbà náà ni àwọn ológun tó wà lórí àlééfà ti bọ́dà pa.

Ẹ rántí àsìkò náà, nígbà tí sójà ń fi kòbókò to èèyàn sórí ìlà ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù. Wọ́n ní ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ jáde, ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ wọlé. Àwọn wágọ̀nù Nìjẹ̀r tó ti dé ọgbà ẹrù Kánò dúró sórí irin, oòrùn ń pa wọ́n. Kápíténì kan wá ṣèbẹ̀wò síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn sójà rẹ̀. Àṣẹ tó mú wá kò le púpọ̀: kí wágọ̀nù dúró síbi tó wà. Kò sọ pé kí wọ́n má ṣí i. Adékọ̀yà ló bọ́ síwájú. Ó ti fi ọṣẹ fọ fìlà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ń wá ibi tí yóò gbé lò ó.

"Sà!" ó ní, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. "Kí wọ́n dúró nìkan ò tó! Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ já èdìdì kankan nínú ọgbà yìí títí bọ́dà yóò fi ṣí! Bó bá ṣe òkú bàbá mi ló wà nínú wágọ̀nù, kó dúró síbẹ̀!"

Inú kápíténì dùn. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà di àṣẹ lójú ẹsẹ̀, ó sì fi sójà sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àwọn wágọ̀nù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣíbí ni Adékọ̀yà fi jẹ túwó, torí kò fẹ́ kí ọbẹ̀ kan ọwọ́ tí kápíténì bọ̀.

Ọjọ́ kejì ni gáàdì rélùwéè kan tó bá ọkọ̀ ẹrù dé láti Èkó wá kí i. "Ọ̀gá, Ṣàràfá ní kí n kí yín o. Ó ní kí n sọ fún yín pé àga yín ti délé. Ó wà nínú wágọ̀nù ṣúgà àti tòmátò tó wọlé lọ́jọ́ tí kápíténì wá."

Adékọ̀yà jókòó sórí irin. Irin gbóná, ó tún dìde.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ nílé, Alice fi gèlè bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Adékọ̀yà rò pé ó ń sunkún, ó fẹ́ máa rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ni.

"Bàbá Fúnlọ́lá," ó ní nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, "kí ló tún wà nínú wágọ̀nù ọ̀hún? Àga nìkan ni, àbí bàbá yín náà wà níbẹ̀?"

Olúfúnlọ́lá ọmọ wọn yọjú láti yàrá. Kánò ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá bí ẹni gbọ́ rédíò: ó ń gbọ́, kì í fèsì. "Baba, ina kujerar?" ó bèèrè.

"Sọ Yorùbá fún mi nínú ilé mi!"

"Okay, Baba. Where di chair?"

Ìbéèrè yẹn náà ni gbogbo ìjọ ń bèèrè. Ìwúyè ti ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn àlejò Jọs ti ránṣẹ́ pé àwọn ti gba ọkọ̀, àga ò sì sí. Wòlíì Ọlọ́runṣẹ́gun pe Adékọ̀yà sí kọ̀rọ̀, ó ní kó mú àga kan nínú ilé rẹ̀ wá, òróró ò mọ àga Èkó yàtọ̀. Adékọ̀yà ní òun ti sọ fún àwọn èèyàn. Wòlíì ní èèyàn wo. Adékọ̀yà ní gbogbo wọn.

Japhet bá wọn níbi tí wọ́n dúró sí. "Alàgbà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Mo ní sádù kẹ̀kẹ́ tuntun ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti fìdí kàn án."

"Ẹ ṣeun, Alàgbà Japhet."

"Ó ní sípíríìnì."

"Mo ní ẹ ṣeun!"

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni. Torí bí ọjọ́ yẹn bá dé tí ẹ ò jókòó, ìjọ ò lè dúró láìní bàbá. Wọ́n á ní kí ẹni tó bá lè jókòó jókòó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí Adékọ̀yà sùn. Láàárọ̀, ó lọ bá Málàm Lawan, ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè nínú ọgbà ẹrù. Ará Kánò ni Málàm Lawan, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í bínú, kì í sì í kánjú. Ó lè fetí sí irọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ kí ojú rẹ̀ yí padà. Hausa ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ.

"Málàm, ina kwana," ni Adékọ̀yà kí i. "Ìṣòro dé. Wágọ̀nù kan ń rùn lọ́hùn-ún. Agolo tòmátò inú rẹ̀ ti ń bú nítorí oòrùn. Bí àrùn bá ti ibẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè méjì ni."

Wọ́n jọ lọ síbẹ̀. Málàm Lawan gbé imú sí ẹnu ilẹ̀kùn wágọ̀nù. Ó fà á símú. Ó tún fà á.

"Mi ò gbóòórùn nǹkan kan."

"Ẹ ò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tó, Málàm. Òórùn ẹrù òkèèrè yàtọ̀."

Málàm Lawan gbé imú kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ìwọ lo ní ká má já èdìdì kankan," ó ní. "Àní bó ṣe òkú bàbá rẹ ni."

"Bàbá mi kì í ṣe tòmátò, Málàm."

Málàm Lawan ronú, ó ní kò burú. Ó lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ kápíténì. Wọ́n fi í sí ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìwúyè, lójú sójà, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tún dí i pa.

Bí Adékọ̀yà bá mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, kúra kan àti alábàárù kan tó fi sẹ́yìn ọgbà ì bá tó o, kì bá sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àga tó ti Èkó wá, tó gba àárín sójà kọjá, kí ẹnikẹ́ni má rí i nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀? Ó sọ fún Wòlíì pé kí àwọn alàgbà wá pàdé àga náà pẹ̀lú orin. Ó gbàyè fún wọn lẹ́nu géètì, ó ní àwọn ẹlẹ́sìn ni, wọ́n wá gbàdúrà kí bọ́dà tètè ṣí.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn alàgbà Òkè Ìdáǹdè ṣe wọ ọgbà ẹrù láàárọ̀ Sátidé, pẹ̀lú sùtánà funfun àti ẹsẹ̀ lásán gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọ wa. Òkúta tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin ti gbóná janjan. Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n ń sọ ọ̀kan kalẹ̀. Japhet wà nínú wọn, ó ń fò ju ẹnikẹ́ni lọ, inú rẹ̀ sì dùn. Alice náà tẹ̀ lé wọn. Ó ní òun ti ń gbọ́ nípa kìnnìún yìí tipẹ́, òun fẹ́ fojú ara òun rí i.

"Ṣé ijó yẹn wà nínú àdúrà wọn?" Málàm Lawan bèèrè.

"Ìsìn wọn jinlẹ̀," ni Adékọ̀yà wí. Ó yọ ẹ̀mú, ó gé wáyà, èdìdì já.

Kò sí òórùn kankan. Ṣúgà wà nínú àpò rẹ̀, agolo tòmátò wà nínú páálí, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Adékọ̀yà ṣẹ́jú sí alábàárù tó ti fi pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n sójà kan, kọ́púrà, ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ìbọn. Alábàárù rí ìbọn, kò rí ẹni tó ń ṣẹ́jú mọ́. Iwájú, lójú gbogbo ayé, ni àwọn òṣìṣẹ́ gbé àga náà gbà jáde, nínú àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi wé e.

Málàm Lawan ní kí wọ́n tú u. Wọ́n tú u.

Àga náà dára. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àrán rẹ̀ pupa bí ojú ọ̀mùtí, ọ̀dà wúrà ń tàn. Kìnnìún méjèèjì nìkan ló jọ ológbò tí ebi ń pa. Àwọn alàgbà gbàgbé òkúta gbígbóná, wọ́n ní "Háà!" Wòlíì fẹ́ dá orin, Alice fà á láṣọ.

"Ta ló ni èyí?" ni Málàm Lawan bèèrè.

"Kí ni?" Adékọ̀yà ń wo ojú ọ̀run.

"Àga yìí. Ṣúgà àti tòmátò ni wọ́n sọ fún wa pé ó wà nínú wágọ̀nù."

"Áà, àga! Yóò jẹ́ ti oníṣòwò Màràdì tó ni ṣúgà. Wọ́n fẹ́ràn ìjókòó lọ́hùn-ún."

Málàm Lawan wọ gíláàsì rẹ̀. Ó tẹ̀ba, ó ka ẹ̀yìn àga díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ iléèwé, ó dìde, ó ka páálí orúkọ tó wà láyà Adékọ̀yà, ó tún padà ka ẹ̀yìn àga.

"Málàm Adékọ̀yà, ṣé orúkọ rẹ kọ́ nìyí?"

Ní ọdún yẹn, ẹni tí wọ́n bá mú fún fàyàwọ́, iwájú àwọn ológun ló ń lọ.

"Adékọ̀yà pọ̀ ní Màràdì," ó ní. "Níbo làwọn Ìjẹ̀bú ò dé?"

"Bartholomew ńkọ́?" Ohùn Japhet nìyẹn, láti ẹ̀yìn.

"Faransé ló ń sọ wọ́n ní irú orúkọ yẹn."

"Bàbá Ìjọ ńkọ́?"

"Alàgbà Japhet, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìjọba là ń ṣe níhìn-ín!"

"Ó dára," ni Málàm Lawan wí. Ojú rẹ̀ ò yí padà. "Onífàyàwọ́ ni Adékọ̀yà ti Màràdì yìí nígbà náà. Bí bọ́dà bá ṣí, a ó ní kí wọ́n bá wa mú un."

"Kí wọ́n mú un!" Adékọ̀yà pariwo, òógùn bò ó. "Kí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí màbo!"

Ó ti bọ́. Bó bá ṣe pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, àga nìkan ni ì bá pàdánù. Wòlíì ti sún mọ́ ọn, ó ń sọ ọ́ sí i létí pé kó jẹ́ kó lọ, àwọn yóò yá àga ìyàwó òun fún un, lọ́la òróró yóò dé orí rẹ̀, yóò sì di Bàbá Ìjọ bí wọ́n ṣe sọ. Adékọ̀yà mi orí. Ó gbà. Mo gbàgbọ́ pé ó gbà tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n kọ́púrà tó ń ṣọ́ wágọ̀nù ti dúró láti ìdájí. Ó rí àga. Ó gbé ìbọn ti kìnnìún ọ̀tún, ó sì jókòó.

"Oga, this chair sweet o," ó wí fún Málàm Lawan. Ó sún ìdí sẹ́yìn, ó sún un síwájú, ó ń fò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè gbádùn sípíríìnì inú rẹ̀.

Adékọ̀yà wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Kọ́púrà gbé ẹsẹ̀ kan lé ibi ìgbápálé, pẹ̀lú bàtà. Adékọ̀yà di ẹnu ara rẹ̀ mú. Alice rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọn.

"Ó bá a mu," ni Japhet wí fún àwọn alàgbà. "Ẹ wò ó, ó bá a mu gan-an. Ẹ bi í bóyá ó mọ orin kọ."

Àwọn alàgbà kan rẹ́rìn-ín. Obì gorò ni kọ́púrà ń jẹ láti àárọ̀, ẹnu rẹ̀ pọ́n. Ó tu èyí tó ti jẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sọ ọ́ nù, ó wá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àrán ìjókòó, lọ, bọ̀, bí ẹni ń fi aṣọ inùwọ́ nuwọ́.

"Dìde níbẹ̀!"

Ẹyẹ tó wà lórí wágọ̀nù fò lọ. Adékọ̀yà ti dé iwájú àga, fìlà rẹ̀ ti ṣubú. "Dìde níbẹ̀, ìwọ aláìmọ̀kan yìí! Ìdí ta lo rò pé wọ́n rán àrán yẹn fún? O fi ẹ̀yìn ti orúkọ mi! Orúkọ bàbá mi lo fẹ̀yìn tì yẹn!"

Kọ́púrà dìde. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rù. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jágbe mọ́ ọn láìjẹ́ pé onítọ̀hún ju kọ́púrà lọ, ara rẹ̀ ló gbọ́ràn kó tó ronú. Málàm Lawan rọra yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Adékọ̀yà ti Màràdì," ó ní, "o tètè dé. Sannu da zuwa, káàbọ̀."

Adékọ̀yà na ara rẹ̀ dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tí ara tù. "Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo ni ín. Ẹ ò rí i pé kò jọ ti ẹlòmíràn ni?"

Alice dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bàbá Fúnlọ́lá, ó ti tán. Ẹ ti bọ́. Kí ló dé tẹ́ ò lè panu mọ́?"

"Ó nu gorò sí i, Alice," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. "Ẹ̀yin náà ò rí i? Ó nu gorò sí i."

Alice mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó dé e fún un. Ó tọ́ ọ títí tó fi jókòó dáadáa.

Àwọn alàgbà lọ sí ìdí wágọ̀nù kejì níbi tí ibòji wà, wọ́n forí korí. Kò pẹ́. Wòlíì padà wá, kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní ìjọ ò lè da òróró sórí ẹni tó wà ní àtìmọ́lé, àwọn àlejò Jọs sì ti wà lọ́nà. Ó ní ìran ibodè tí òun rí, bóyá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Japhet ṣe di Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ kejì, lórí àga ìyàwó Wòlíì. Gbogbo wa ló mọ̀ pé ó ti ní àdúrà tó pọ̀ nípamọ́ fún ọjọ́ náà. Ìsìn ò parí títí olórin òtẹ́ẹ̀lì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́.

Ní ti Adékọ̀yà, wọ́n tì í mọ́lé fún ìgbà díẹ̀, Alice ń gbé oúnjẹ lọ fún un lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó lọ sinmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ tó sọ fún kápíténì nípa òkú bàbá rẹ̀ ló yọ ọ́ nínú ìyà tó tóbi jù ú lọ. Àmọ́ ti ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ní láti gbé òun àti àga lọ sí ọ́fíìsì ńlá àwọn aṣọ́bodè. Píkọ̀ọ̀pù ni ọkọ̀ wọn. Málàm Lawan àti dẹ́rẹ́bà jókòó síwájú. Wọ́n gbé àga sẹ́yìn, kọ́púrà gòkè, Adékọ̀yà gòkè. Kò síbi ìjókòó mìíràn níbẹ̀.

Ó wo kọ́púrà. Kọ́púrà wo kìnnìún. Adékọ̀yà wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbọn ibi tí gorò kàn, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ tọ́, ó sì jókòó. Kọ́púrà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di ẹ̀yìn àga mú kó má baà ṣubú.

Nígbà tí ọkọ̀ jáde ní géètì, Adékọ̀yà fi ọwọ́ lu orí ọkọ̀ náà. Málàm Lawan yọ orí síta.

"Kí ló dé?"

"Málàm, don Allah, ẹ jẹ́ ká gba Niger Street."

"Ọ̀nà tiwa ò gba ibẹ̀."

"Mo mọ̀."

Málàm Lawan wò ó lórí àga náà, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú sójà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún ọ̀rọ̀ yẹn rò bó ṣe ń tún gbogbo nǹkan rò. Lẹ́yìn náà ló sọ nǹkan fún dẹ́rẹ́bà, ọkọ̀ sì yà.

Àwọn ará Niger Street mọ̀ pé ìwúyè ń bọ̀, àwọn míì ò rántí ọjọ́. Wọ́n rí àga aláràn-án tí wọ́n ti ń gbúròó rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n rí orúkọ tó ń tàn. Wọ́n rí sójà tó di àga mú bí ẹni pé ìjọba ló fi í ránṣẹ́. Ìyá alákàrà kúnlẹ̀. Àwọn aránṣọ jáde. "Bàbá Ìjọ! Bàbá Ìjọ o!" Àwọn Íbò tó ń ta ìwé pẹlẹbẹ pẹ̀lú kí i, "Papa, well done!" Àwọn ọmọ tò tẹ̀ lé ọkọ̀, wọ́n ń ké "Sannu, Baba!" Adékọ̀yà gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó rọra ń súre fún ọ̀tún, ó ń súre fún òsì. Ó tún lu orí ọkọ̀. Wọ́n yà sí Enugu Road.

Japhet ti gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà àbùjá, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti lọ ṣètò ọ̀la. Ó jáde nígbà tó gbọ́ ariwo. Gbogbo oníbàárà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ti wà lórí ìkúnlẹ̀, àti aya rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun nìkan ló dúró gan-gan láàárín wọn bí ọ̀pá iná. Ọkọ̀ ń bọ̀. Àwọn èèyàn ń wò ó. Japhet wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá tẹ orúnkún kan díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ mú un.

Adékọ̀yà na ọwọ́ lé e lórí láti orí àga, ó sì ní kí dẹ́rẹ́bà túbọ̀ rọra.